Olùkọ́ Dùùrù Tí Wọ́n Ti Sin Sílé

Wọ́n ti sin mí rí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n gbé pósí wọ inú rẹ̀, pásítọ̀ ka Bíbélì, ẹgbẹ́ akọrin wa kọrin (mo gbọ́ pé àwọn tẹ́nọ̀ kọ ọ́ dáadáa, ohun tí wọn kì í ṣe nígbà tí mo wà láyé), kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Èmi alára wà ní Borokiri ní Port Harcourt, létí omi, mo ń kọ́ ọmọbìnrin kan bí wọ́n ṣe ń gba àtàǹpàkò kọjá lábẹ́ ìka yòókù. Ó ṣeé ṣe kí n máa rẹ́rìn-ín lọ́wọ́. Ta ló mọ ohun tí òkú ń ṣe lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀?

Ọdún 1999 ni mo dé Port Harcourt. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, mi ò tíì gbéyàwó, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ọwọ́ mi mọ̀ sì ni dùùrù. Òyìnbó míṣọ́nnárì kan, obìnrin arúgbó, ló kọ́ mi nílé. Rúlà rẹ̀ kì í sùn. Ṣùgbọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́, ta ló fẹ́ kọ́ dùùrù? Ìjọ wa ní ẹnìkan tó ń tẹ̀ ẹ́, èmi ni, ó sì ti tó wọn. Wọ́n ní ní Port Harcourt, gbogbo ìyá ló fẹ́ kí ọmọ òun mọ̀ ọ́n tẹ̀. Mo dágbére fún ìyá mi. Ó ní kí n má pẹ́. Mo ní mi ò ní pẹ́.

Òjò ló kọ́kọ́ bá mi jà. Òjò ilé wa máa ń rọ̀, a sì máa dá. Òjò Port Harcourt kì í dá, ó kàn ń sinmi ni. Dùùrù tó wà nínú ilé tí mo ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́, dùùrù onígi tí ọkọ̀ òkun gbé dé láti ayé àwọn òyìnbó, ti mu omi inú afẹ́fẹ́ yó. Bí ẹ bá tẹ funfun kan, méjì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á bá a lọ, wọn ò sì ní dìde títí ẹ ó fi fi èékánná hú wọn sókè. Orí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Lẹ́yìn òjò, ìkíni. Nílé, kí èèyàn tó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, á ti gba ìkíni tó tó ogún: ẹ kú ìrìn, ẹ kú oòrùn, ẹ kú ẹrù. Ní Borokiri, mo lè rìn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìsí ẹni tí yóò kí mi kú nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé ọmọbìnrin tí mo sọ yẹn, Boma lorúkọ rẹ̀, mo rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Obìnrin náà fò sẹ́yìn. "Jesus! Teacher don fall!" Ó rò pé gìrì ló gbé mi. Wọ́n bu omi lé mi lórí kí n tó rí àyè ṣàlàyé.

Ní ìjọ tí mo ń lọ níbẹ̀, wọ́n ní kí n máa tẹ dùùrù fún wọn, ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ nìjà bẹ̀rẹ̀. Ní ìjọ wa nílé, bí ẹsẹ orin kan bá parí, ẹni tó ń tẹ dùùrù kì í kó wọ ẹsẹ tó kàn lójú ẹsẹ̀. Ó ń dúró de àwọn ìyá. Àwọn ìyá àgbà ló ń jókòó síwájú, èémí wọn ò gùn mọ́, bí o bá sáré, ìwọ àti àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni ẹ ó jọ kọ ọ́ parí. Ìyá mi wà láàrin wọn, ẹ̀gbẹ́ dùùrù gan-an ni, mo máa ń gbọ́ kó mí kí n tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo dúró bẹ́ẹ̀ ní Borokiri. Ọ̀gá akọrin yíjú sí mi: "Teacher, you don sleep?" Wọ́n ti kọ ẹsẹ kejì dé ìdajì. Orí kunkun wà lára mi; bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni mo ṣe fi kọ́ àwọn ọmọ. Títí di òní, ẹni tí mo bá kọ́ ní Port Harcourt á tẹ ẹsẹ kan tán, á dúró díẹ̀, kò sì mọ ìdí.

Nínú ilé tí mo ń gbé, Ràhímù ló wà ní yàrá kejì. Télọ̀ ni, ọmọ Kwara, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré. Òun nìkan ni mo lè bá sọ Yorùbá nínú ilé yẹn, nítorí náà a máa ń jà lórí ohun tí kò tó nǹkan, kí á ṣáà lè rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó fi ìka ṣiṣẹ́ tí kò ran nǹkan kan ò tíì ṣiṣẹ́. Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé, òun yóò sì gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá. Mo di báàgì kan fún un: aṣọ ànkárá fún ìyá mi, bàtà fún Níkẹ̀ẹ́ àbúrò mi, àti ẹ̀wù akọrin mi àtijọ́ tí ó jẹ́ ti ìjọ. Mo kọ orúkọ mi gàdàgbà sára báàgì náà kí ó má bàa sọnù. Kò sí fóònù ní agboolé wa nígbà náà. Báàgì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ní í bá wọn sọ.

Ràhímù ò padà. Àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fún un níyàwó nílé. Èmi náà ń retí kí ìyá mi rán ẹnìkan sí mi pé aṣọ dé, tàbí kó tilẹ̀ sọ pé àwọ̀ rẹ̀ ò wu òun. Kò sí nǹkan kan. Ọdún yí po. Inú bí mi. Mo ní, háà, bí wọ́n ṣe ń gbàgbé èèyàn nìyí? Mo kó kúrò ní Borokiri, mo gba yàrá ní Rumuomasi, ní Port Harcourt kan náà, mo ní wọn ò ní gbúròó mi mọ́ títí wọ́n á fi bẹ̀ mí.

Ọ̀sán gangan ni, ní Rumuomasi yìí náà, mo ń lọ ra búrẹ́dì, ni mo bá rí Bàbá Gàní. Àdúgbò kan náà ni wá ní Ògbómọ̀ṣọ́; abọ́ onírin ló ń tà káàkiri ìlú onílùú. Ẹrù abọ́ wà lórí rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé gbogbo ìbínú mi, mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ kú ọjà o, Bàbá Gàní! Ilé ńkọ́?"

Bàbá Gàní wò mí, ẹnu rẹ̀ ṣí, kò pa dé mọ́. Ẹrù ya lulẹ̀. Abọ́ ń yí gbirigbiri kiri ojú títì, bàbá àgbà sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Port Harcourt mọ̀ pé èèyàn kì í ṣàdédé sáré lọ́jà. "Thief! Hold am!" Kí n tó dìde nílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ti ká a mọ́, ẹnìkan ti mú igi. Mo sáré tẹ̀ lé wọn, mo ń pariwo, "He no be thief! Na my papa be that!" Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sún mọ́ wọn ni Bàbá Gàní ń sá wọ àárín àwọn tó fẹ́ lù ú. Ó lọ dì mọ́ ẹni tó mú igi lọ́wọ́. Ó ń ké ní Yorùbá tí kò yé ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi èmi: "Ẹ gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀! Ó ti kú! Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín!"

Wọ́n fi í sílẹ̀ nígbà tí ó rẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn tó mu omi, tó wo ẹsẹ̀ mi dáadáa bóyá ó ń kan ilẹ̀, ó sọ ọ́ fún mi. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Port Harcourt nígbà Iléyá yẹn ti jóná lọ́nà. Gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ló jóná kọjá ìdámọ̀. Báàgì kan ṣoṣo ló fò jáde, orúkọ mi ló wà lára rẹ̀, ẹ̀wù akọrin mi ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ará ìjọ lọ gbé òkú kan wálé. Ìyá mi ò débẹ̀, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ìyá rí ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Bí mo ṣe ń gbọ́ pé mo ti kú ni mo ń gbọ́ pé Ràhímù kú. Mo jókòó sí etí gọ́tà, mo sunkún bí ọmọdé, Bàbá Gàní sì ń ṣa abọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yọ́jú wò mí. Mo ránṣẹ́ sí àwọn ará Ràhímù láti ọwọ́ àwọn ará Kwara tó wà níbí. Àbúrò rẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ṣe àdúà létí ibojì tí orúkọ mi wà lórí rẹ̀. Bóyá òun ni ó wà níbẹ̀, bóyá kì í ṣe òun. Odindi ọkọ̀ ló jóná.

Mo bẹ Bàbá Gàní pé kó ṣáájú mi lọ sọ fún ìyá mi pé mo wà láàyè, kí òun náà má bàa sá fún mi. Ó lọ. Ó sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí i: pé òun pàdé mi ní ìlú òkèèrè, pé mo gba yàrá, mo ń ṣiṣẹ́, mo sanra díẹ̀. Ará ilé wa ni yín, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n gbọ́. Wọ́n ní àkúdàáyà ni mí. Ẹni tó bá kú tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé, wọ́n ní á lọ sí ìlú tó jìnnà, á gba yàrá, á ṣiṣẹ́, á fẹ́yàwó, á bímọ bí èèyàn. Bí ojú ẹni tó bí i ò bá ti kàn án, á máa gbé ibẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí ojú ìyá rẹ̀ bá kàn án, ó parí, á pòórá. Ẹ sọ fún mi, ta ni kò ní rò pé èmi ni wọ́n ń ròyìn?

Ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé Bàbá Gàní padà wá sí Port Harcourt. Àwọn oníṣòwò Yorùbá gbọ́ ọ, wọ́n sọ ọ́ ní Pidgin, ó dé ilé àwọn tí mo ń kọ́. Àwọn kan gba ọmọ wọn padà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n Boma dé, ó jókòó sídìí dùùrù, kò tẹ nǹkan kan.

"Uncle, dem say you don die."

"Who talk am?"

"My mama. She say make I touch you. If my hand pass through, make I run."

Ó na ìka kan, ó fi kàn mí léjìká bí ìgbà tí èèyàn ń wò ó bóyá áyọ́ọ̀nù ti gbóná. Ó rò ó díẹ̀. "You strong," ló wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "So ghost sabi piano?" Mo ní kó tẹ ohun tí mo fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá kí n tó bínú. Kò tíì kọ́ ọ. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, tí àwọn ọ̀dọ́ ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn ní gbogbo ìkóríta, Níkẹ̀ẹ́ fi nọ́ńbà aládùúgbò kan ránṣẹ́ sí mi. Mo lọ jókòó lábẹ́ agboòrùn ní Rumuomasi. Wọ́n gbé fóònù fún ìyá mi.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màámi."

Mo gbọ́ adìẹ tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pe oríkì mi, ó rọra pè é, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

"Màámi, mi ò kú o."

"Mo ti gbọ́," ó ní. "Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ò ń rí jẹ níbẹ̀?"

"Mò ń jẹun, Màámi. Mò ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ó fojú ara yín rí mi."

"Rárá o!" Ohùn rẹ̀ là gààrà débi pé ẹni tó ni fóònù yíjú wò mí. "Mo fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́. Má wá. Ìyá kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa gbọ́ pé wọ́n rí ọmọ òun ní Ṣakí, níbi tó ti ń pa ẹran tà. Ó lọ. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ọmọ ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ fọ ọwọ́, ó wọ ẹ̀yìnkùlé, kò jáde mọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì tó sọ ọmọ nù nìyẹn. Èmi ò lágbára ẹ̀ẹ̀kejì."

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe? Mo ní, "Màámi, onígbàgbọ́ ni wá." Ó ní òun mọ̀, kí n máa gbàdúrà níbi tí mo wà.

Ẹ ò rí i pé kò sí ohun tí mo lè ṣe tí kò ní jẹ́ ẹ̀rí lòdì sí mi. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó ní àwọn àkúdàáyà ń ya fọ́tò. Ó yí i dojú délẹ̀, ó ní kí n má fi òmíràn ránṣẹ́ mọ́, torí ojú náà ni wọ́n fi ń wo fọ́tò. Mo ní mo fẹ́ gbéyàwó. Ó ní ó dáa, wọ́n máa ń gbéyàwó. Chituru ni ìyàwó mi, ọmọ Isiokpo tí kò jìnnà sí Port Harcourt, olùkọ́ ni ní ilé-ìwé kan. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀, láàárín oko ẹ̀gẹ́ wọn, wọ́n bi mí pé àwọn èèyàn mi dà. A kì í fọmọ fún ẹni tí kò ní èèyàn. Níkẹ̀ẹ́ wá, ó rí mi, ó fọwọ́ gbá mi mọ́ra, ó lu mí, ó sunkún. Ẹni tó sì dúró dípò bàbá mi tó ti kú ni Bàbá Gàní, ó wọ agbádá, ó ń sọ fún àwọn àna mi pé òun mọ̀ mí láti kékeré, pé ọmọ dáadáa ni mí. Kò sọ fún wọn pé òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin mí.

Mo sọ ohun gbogbo fún Chituru. Ó wò mí títí. "So I marry dead man," ló wí. "Dead man wey dey chop three wrap of fufu." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín pẹ́.

Nítorí pé kì í ṣe ẹ̀rín nígbà gbogbo. Àwọn ìgbà kan wà tí èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Kò sí ẹnìkan ní Port Harcourt tó rí mi nígbà tí mo ń rá kòrò. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun mọ bàbá mi, tàbí pé igbá-àyà mi jọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo kàn ṣàdédé wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó mọ dùùrù. Bí mo bá ń rìn lọ nínú òjò ní Rumuomasi tí ẹnikẹ́ni ò kí mi, mo máa ń kí ara mi sókè: ẹ kú ìrìn o. Bí mo bá dúró lẹ́yìn ẹsẹ orin kan, mo ń gbọ́ tí ẹnìkan ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni lórí àga. Ẹ̀rọ ìránṣọ Ràhímù náà, mo ń gbọ́ ọ lára ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí irin, kẹ̀kẹ̀kẹ̀, nínú ilé tí kò gbé rí. Mo máa ń sọ fún un pé kó máà bínú, pé kò sẹ́ni tó bi í léèrè kí wọ́n tó fi orúkọ mi bò ó. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò purọ́.

A bí Ẹ̀bùn. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, a ní kí Níkẹ̀ẹ́ mú un lọ kí ìyá mi ní ọlidé. Ìyá mi wẹ̀ ẹ́, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn etí rẹ̀, ó ní, ó tán, ọmọ wa ni. Ẹ̀bùn ò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún un pé, "Grandma, Daddy no be ghost. E dey snore." Níkẹ̀ẹ́ tú u. Inú ìyá mi dùn. Ó ní, "Ó ṣì ń hanrun? Láti kékeré ni." Ó di gààrí àti àádùn fún ọmọ náà kó gbé e wá fún mi. Ìyẹn náà kò yí ohunkóhun padà.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi ni mo ń pè é. Mo ń gbé fóònù lé orí dùùrù, mo ń tẹ orin fún un. Ó ń kọ ọ́ láti ọ̀hún, èmi náà ń dúró kó mí. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ìwọ ni. Kò sí ẹlòmíràn tó ń tẹ̀ ẹ́ báyẹn." Mo ní, "Ṣé ẹ ti gbà báyìí, Màámi?" Ó ní, "Mo gbà pé ìwọ ni. N kò sọ pé o ò kú."

Chituru ló lé mi lọ. Ó ní ohun tí à ń ṣe yìí ò dáa, ìyá kan ṣoṣo lèèyàn ní. Mo gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni àfi Níkẹ̀ẹ́. Mo wọ agboolé wa ní ọ̀sán. Ẹnìkan ti sáré lọ sọ fún un. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ti ti ilẹ̀kùn. Igi pákó lásán ni, kò ní kọ́kọ́rọ́. Ara rẹ̀ ló fi tì í.

"Màámi, ẹ ṣílẹ̀kùn."

"Má wọlé. Ọlọ́run ló ni ọ́, má wọlé."

"Ṣé ẹ̀rù mi ń bà yín ni?"

"Ẹ̀rù rẹ? Ṣé wèrè ni ọ́? Ẹ̀rù pé o ó lọ ló ń bà mí." Ó ń mí gúlegúle. "Fetí sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé o wà láàyè, tí mi ò rí ọ, ìrí rẹ nìkan ni mo pàdánù. Bí ó bá jẹ́ pé o ti kú, tí mo rí ọ, ìwọ gan-an ni mo pàdánù, ìwọ àti ohùn rẹ àti dùùrù rẹ. Èwo ni kí n mú?"

Ẹ bá mi wá èsì rẹ̀. Mo ní, "Ẹ di ojú yín nígbà náà. Ẹ fi aṣọ dì í, kí n kàn fọwọ́ kàn yín."

"Mo máa tú u," ó ní. "Mo mọ ara mi. Ìyá wo ni ọmọ rẹ̀ á wà níwájú rẹ̀ tí kò ní wò ó?"

Níkẹ̀ẹ́ bẹ̀ ẹ́, pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́. Mo lè fi èjìká kan ti ilẹ̀kùn yẹn kó ṣí. Ọwọ́ mi wà lára rẹ̀. Mo ń gbọ́ bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń ha igi náà. Ó ń sọkún báyìí, ó ń sọ pé kí n máa lọ, kí n máa lọ, kí n pe òun lọ́jọ́ ìsinmi. Mo padà sí Port Harcourt.

Ọdún ń gorí ọdún. Boma di ìyá, ó mú ọmọ tirẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Mo kó akẹ́kọ̀ọ́ jọ sínú gbọ̀ngàn ìjọ kan, wọ́n tẹ dùùrù fún àwọn òbí wọn, gbogbo èèyàn dìde pàtẹ́wọ́ fún mi, bàbá kan láti Isiokpo ní mo ti di ọmọ wọn pátápátá. Ìgbà tí èéfín dúdú láti ibi tí wọ́n ti ń se epo rọ̀bì jíjí bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí ìlú, láràárọ̀ ni mò ń nu dùùrù kí n tó mọ funfun yàtọ̀ sí dúdú. Irun orí mi lọ. Irùngbọ̀n mi funfun. Mo ní ilé, mo ní aya, mo ní orúkọ. Ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, mo tún jẹ́ òkú fún wákàtí kan.

Níkẹ̀ẹ́ ló pè mí pé ojú ìyá wa ń ṣú. Dókítà ní omi inú ojú ló ń ti ojú náà, pé bí ojú bá ti lọ báyẹn kì í padà, ṣùgbọ́n bí ó bá ń kán oògùn sí i lójoojúmọ́, èyí tó kù kò ní lọ. Mo ní kí wọ́n ra oògùn. Mo ń bi í lórí fóònù, "Màámi, ṣé ẹ ń kán an?" Ó ní òun ń kán an. Ó ń dá mi lóhùn pẹ̀lú sùúrù tí kò ní tẹ́lẹ̀. Mo ní àgbà ti dé.

Lọ́jọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi, fóònù dún. Òun fúnra rẹ̀ ni. Níkẹ̀ẹ́ ló tẹ nọ́ńbà.

"Níbo lo wà?"

"Port Harcourt ni, Màámi. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Máa bọ̀ nílé," ó ní. "Mi ò rí oòrùn mọ́. Méjèèjì ti lọ. Kò sí èyí tí mo lè là mọ́."

Mi ò tètè lóye rẹ̀. Níkẹ̀ẹ́ gba fóònù, ó ń sunkún débi pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já gaara. "Bọ̀ọ̀dá mi, mo rí àwọn oògùn ojú lẹ́yìn àmù. Gbogbo wọn ni. Kò ṣí ìkankan."

Mo jókòó sílẹ̀. Chituru bi mí pé kí ni, mo sọ fún un, ó fọwọ́ lé orí. "She quench her own eye? Because of you?" Mo bú ìyá mi lọ́jọ́ yẹn, kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo bú u bí mo ṣe ń di ẹrù, mo ń sunkún, mo ń bú u.

Nígbà tí mo dé Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Orí àpótí ló jókòó sí, ó ti wẹ̀, ó ti para, ó di gèlè bí ẹni tó ń retí àlejò. Ó ti kéré púpọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń wá mi kiri nínú afẹ́fẹ́, mo gbé orí mi sí i.

Ó dì í mú ṣinṣin, ó ń retí kí n pòórá. Mi ò pòórá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ń fọwọ́ wá irun mi, kò rí i. Ó fọwọ́ pa orí mi tó dán, ó ní, "Ta ló fá a fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó fá a, Màámi. Orí ló pá."

Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó kan iwájú orí mi, ó ń tọ ìlà tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan abẹ́ ojú mi. Ó kan ọrùn mi níbi tí awọ ti ń rọ̀. Ó mú ọwọ́ mi, ó tẹ oríkèé ìka mi tó ti wú, tí kò jẹ́ kí n lè na ọwọ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ lórí dùùrù. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò sí ẹnìkan nínú wa tó rò ó láti sọ fún un pé mò ń dàgbà. Ta ni í fi ìyẹn ròyìn?

"Ọmọ mi," ó ní. "O ti darúgbó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Òkú kì í darúgbó."

"Wọn kì í darúgbó, Màámi."

Níkẹ̀ẹ́ jáde kúrò ní yàrá. Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì fa ojú mi sún mọ́ tirẹ̀, títí imú wa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, ó la ojú rẹ̀ gbayawu, ó ń wò mí. Mo jẹ́ kó wò mí tẹ́rùn.